Kòtò Mẹ́ta Lẹ́yìn Balùwẹ̀

Èmi ni mo kọ́ omi ìdọ̀tí ilé wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi àwọn tó gbé Aboabo ní Kumasi nígbà náà léèrè. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, omi yẹn kò mọ ìwà hù rárá. Bí a bá wẹ̀ tán, tí a fọṣọ tán, á gba abẹ́ ògiri balùwẹ̀ jáde, á wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé kejì, á dúró síbẹ̀, á máa rùn. Ilé mẹ́ta ni wá tí a jọ ń da omi sí gọ́tà kan ṣoṣo. Lóòótọ́, wọ́n ti gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìn balùwẹ̀ wa, wọ́n kó òkúta sí i kí omi lè máa rì sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò náà ti yó láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, kò gba nǹkan kan mọ́.

Ó ku bí ọdún kan tàbí méjì kí Gánà gba òmìnira nígbà tí mo gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìn kòtò yẹn. Mo ti lọ́kọ. Ọkọ mi ń kó ọjà lọ sí Tamale, oṣù kan lè kọjá kí n má fojú kàn án. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Lẹ́yìn èkejì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi kú ìrọ́jú mọ́, mi ò sì lè jókòó lásán. Mo ro ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kòtò, mo gbin ilá, mo gbin ata, mo gbin tẹ̀tẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní aléfù. Omi tó yọ láti inú kòtò ni mò ń bù rin wọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, ọgbà mi nìkan ló tutù yọ̀yọ̀ ní àdúgbò. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn ọgbà yẹn ju bó ti yẹ kí èèyàn fẹ́ràn ewé lọ. Ní àárọ̀, kí n tó kí ìyá mi, mo ti kí ilá mi.

Inú ilé kan náà ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ọṣẹ dúdú ló ń sè, èèpo kòkó ló sì ń sun fún eérú rẹ̀. Alata ni àwọn Asante ń pe àwa Yorùbá, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ náà. Ìyá mi a máa yangàn pé kò sí ọba tí odindi ìlú ń fi orúkọ rẹ̀ wẹ̀ láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi tiwa wẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Èmi jẹ́ ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wolé-wolé dé. Asante ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò kàkí péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó mú síbí onígi gígùn kan lọ́wọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ti síbí bọ omi tó dúró sí ẹnu kòtò, ó gbé e sókè, ó ní kí n wá wò ó. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó.

Ó nawọ́ sí ọgbà mi. Ó ní, “Hwan turo nie?” Ó ń béèrè ẹni tó ni ín.

Mo ní, “Owura, ọ̀gá mi, tèmi ni. Kí ló ṣe?”

“Omi yìí lo sì ń bù rin ohun tí ẹ máa jẹ?”

“Ohun tí a máa jẹ kọ́. Ohun tí a ti ń jẹ ni. Ta ló ti kú?”

Ìyá mi fún mi ní ìgbọ̀nwọ́ níhà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú. Ó ní, “Me nua, arábìnrin mi, mi ò bá ẹ jà. Omi yìí ló ń bá ẹ jà.” Ó ní òun fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí omi náà bá ṣì ń rùn, tí tanwíjí bá ṣì wà nínú rẹ̀, òun á kó lébìrà wá, wọ́n á dí kòtò náà, wọ́n á sì ro ọgbà náà dànù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fà á ya, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n ro ó. Ó ní ẹ̀fọ́ kún ọjà Asafo títí dé ibùdókọ̀. Mo ní kàkà kí wọ́n ro ọgbà mi, kí wọ́n kọ́kọ́ ro èmi fúnra mi. Ìyá mi wò mí, ó padà sídìí ìkòkò ọṣẹ rẹ̀. Ó mọ̀ mí.

Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan wà tí ó háyà yàrá nílé wa, Bàbá Bíríkìlà là ń pè é. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Ó jẹun tán, ó fi igi ya ilẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, kòtò kan kò lè ṣe é. Mẹ́ta ni. Nínú àkọ́kọ́, kí ìdọ̀tí sùn. Nínú ìkejì, òkúta. Nínú ìkẹta, yanrìn nísàlẹ̀, èédú lókè. Lẹ́yìn náà ni dúrọ́ọ̀mù tí a rì mọ́lẹ̀, tí a dé lórí. Ibẹ̀ ni wàá ti máa bu omi. Wàláì, wàá rí i.”

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe é. Èmi ni mo ń gbẹ́ ilẹ̀, òun ló ń mọ ògiri kòtò pẹ̀lú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì díẹ̀. A fi ọparun so kòtò kan mọ́ èkejì. Àwọn obìnrin ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ru yanrìn wá láti etí odò, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni, ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó ṣàn kọjá mi o.” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú sí ẹni tó bá ń ru yanrìn mi.

Ìgbà tí a dé kòtò kẹta ni ọgbọ́n mi pọ̀ jù. Bàbá Bíríkìlà ní kí n lọ ra èédú. Mo ní ta ló ń fi èédú fọ nǹkan? Bí èédú bá kan aṣọ funfun, kí ló ń dà? Eérú ni mo mọ̀. Eérú la fi ń ha ìdí ìkòkò títí á fi máa dán. Eérú la ń dà sí ṣáláńgá kó má baà rùn. Kò sí ìdọ̀tí tí eérú kò lè bá wí.

Ó ní, “Èédú ni ọ̀gá mi fi hàn mí. Mi ò rí eérú níbẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀gá yín kò dàgbà nílé ọlọ́ṣẹ. Àwa la mọ eérú.”

Ó gbé èjìká sókè. Ó ní, “To. Ìwọ lo ni ọgbà.”

Ìyá mi ti gbé ọṣẹ lọ tà ní Bantama lọ́jọ́ náà. Mo wọ ibi tó ń kó ẹrù sí, mo gbé àpò eérú èèpo kòkó méjì, eérú tuntun tí omi kò tíì kàn, mo dà á sórí yanrìn, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó nípọn dáadáa.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀ nígbà tí omi àkọ́kọ́ jáde. Omi tó wọlé ní dúdú, tí ìfófòó ọṣẹ bò, jáde láìrùn. Ó pọ́n díẹ̀ bí omi tíì, ṣùgbọ́n èèyàn rí ìdí dúrọ́ọ̀mù. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde wá wò ó. Tanwíjí kankan kò yọjú. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé wolé-wolé lọ sọ fún un pé kó tètè máa bọ̀, kó má dúró de ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi náà rin ọgbà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, awọ àárín ìka mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo ní ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ ló fà á.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé ilá fi pọ́n. Lẹ́yìn náà, ó gbẹ bí ẹni fi iná rà á. Tẹ̀tẹ̀ dorí kodò. Mo kọ́kọ́ ní kòkòrò ni, mo wá a títí, mi ò rí kòkòrò. Mo ní ewúrẹ́ onílé kejì ni, mo sì lọ bá onílé kejì jà, ó wá hàn pé ó ti pa ewúrẹ́ náà jẹ ní oṣù tó kọjá. Mo ní ojú àwọn èèyàn ni. Nígbà tí mi ò rí ẹni dá lẹ́bi mọ́, mo lọ bá Bàbá Bíríkìlà, mo ní sìmẹ́ńtì rẹ̀ ló ba ilẹ̀ mi jẹ́. Àgbàlagbà náà kàn wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó ku ọjọ́ méje kí wolé-wolé dé, ìdajì ọgbà mi sì ti jóná lójú mi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá mi fẹ́ se ọṣẹ, tó wá eérú rẹ̀ tì.

Ó pariwo láti inú ilé, “Ta ló gbé eérú mi? Haba! Àpò méjì!”

Mo jáde, mo ní èmi ni. Mo ní mo dà á sí kòtò kẹta, pé kó dárí jì mí, màá sun òmíràn fún un. Ó wo ilá mi tó jóná, ó wo ọwọ́ mi tó bó, ó wo dúrọ́ọ̀mù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí i, ó ti ìka kan bọ inú omi náà, ó sì fi kan orí ahọ́n. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tó bá fẹ́ se ọṣẹ, láti mọ̀ bóyá omi eérú ti tó. Ó tutọ́ dànù.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí. Ó ta ju tèmi lọ.”

“Kí ló ta?”

“Omi rẹ. Bí mo bá da àdín sí i báyìí, tí mo gbé e kaná, ó dọṣẹ. Ọṣẹ lo ń sè fún ẹ̀fọ́!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí, nítorí ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ti ń rí i tí ó ń kó eérú èèpo kòkó sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, tí ó ń da omi sí i lórí, tí omi tó ń kán sílẹ̀ sì ń mú bí abẹ. Omi yẹn ló ń bá àdín jà nínú ìkòkò títí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sínú kòtò kẹta, pẹ̀lú eérú kan náà, mo sì tún pè é ní ọgbọ́n. Ọmọ tí kò dàgbà nílé ọlọ́ṣẹ kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn, kò ní ní eérú tó tó o.

Ìyá mi ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, “Gbogbo ohun tí mo bá gbìn ló ń kú.”

Ẹ̀rín dá lẹ́nu rẹ̀. A kò tíì sọ̀rọ̀ àwọn oyún yẹn rí, èmi pẹ̀lú rẹ̀, láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò nídìí aṣọ rẹ̀, ó di apá mi mú.

Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Eérú ló pa ìyẹn. Eérú ni, kì í ṣe ìwọ. A ó kó eérú kúrò. Lọ gbé garawa.”

A kó o kúrò. Gbogbo omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni ìyá mi bù, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ẹ̀kán kan nù. Ó sẹ́ ẹ, ó da àdín sí i, ó sì fi se ọṣẹ. Ọṣẹ náà le dáadáa, ó sì ń hó. Àwọn èèyàn Bantama fi omi ìwẹ̀ ilé mẹ́ta ní Aboabo wẹ̀ mọ́, wọn kò sì mọ̀ títí di òní. Láti ọjọ́ náà, omi tó bá ṣẹ́ kù nídìí ọṣẹ rẹ̀ kò wọ gọ́tà mọ́. Ó ń dà á sórí eérú tuntun, ó ń tún un lò. Ó ní bí èmi bá lè ṣọ́ omi, òun náà lè ṣọ́ ọ.

Èmi lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Bíríkìlà. Mo ní kó má bínú, ẹnu mi ló gùn. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Ó ní, “Dìde. Ṣé o rí i, ọ̀gá mi kò dàgbà nílé ọlọ́ṣẹ ní tòótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi lo èédú.”

Ó yẹ mí. Mo lọ sí Asafo, mo ru èédú àpò kan dé, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, a tẹ́ ẹ sórí yanrìn tuntun. Àwọn obìnrin tò láti ìdí páìpù títí dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, wọ́n ń gba omi tó mọ́ lọ́wọ́ ara wọn, a ń dà á sí ọgbà láti fọ ilẹ̀ náà. Odindi ọjọ́ méjì. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, ìyẹn sì dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ. Nígbà tí omi tuntun jáde láti inú kòtò kẹta, ìyá mi tọ́ ọ wò, ó ní kò ta. Mo fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí ebè kan níwájú dúrọ́ọ̀mù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Mi ò lè sùn dáadáa ní àwọn ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé omi náà ti dára, ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Ilẹ̀ ni mi ò mọ̀ bóyá yóò dárí jì mí.

Wolé-wolé dé ní ọjọ́ tó dá gan-an, ó kó lébìrà méjì tẹ̀lé ara rẹ̀, wọ́n gbé ṣọ́bìrì dání. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Ó ṣí kòtò kọ̀ọ̀kan wò. Ó béèrè ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dá a lóhùn láìwo ojú Bàbá Bíríkìlà. Ó dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó ti síbí bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sí òòrùn. Omi lásán ni. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo ọgbà, ilá tó jóná, ata tó ku igi.

Ó ní, “Me nua, omi yìí dára. Kí ló wá pa nǹkan wọ̀nyí?”

Mo ní, “Èmi ni, Owura. Eérú ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí.”

Mo mú un dé ebè tó wà níwájú dúrọ́ọ̀mù. Tẹ̀tẹ̀ ti hù. Kò ga ju èékánná lọ, ó kàn rọra bo ilẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Àwọn lébìrà fi ṣọ́bìrì wọn ti ògiri.

Ó ní, “Ɛyɛ. Ó dára.” Ó ní ọgbà náà lè dúró, ṣùgbọ́n ìdí ohun ọ̀gbìn ni kí n máa da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ó ní ohun tí a máa sè nìkan ni kí n gbìn, kí n má gbin ohun tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Ó ní òun á mú àwọn èèyàn wá láti àdúgbò mìíràn wá wo kòtò náà. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé eérú dání. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Ó wá mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ìjọba lè mú bí omi náà bá tún bàjẹ́. Ó bi mí léèrè, “Wo din de sɛn?” Orúkọ mi ló fẹ́ kọ.

Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í pe obìnrin tó ti lọ́kọ lórúkọ. Gbogbo ẹgbẹ́ mi tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá lágbájá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, orúkọ ọmọ wọn ló ń ṣíwájú wọn lọ síbi gbogbo. Mo la ẹnu láti sọ orúkọ tí wọ́n sọ mí nígbà tí wọ́n bí mi, orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni fún ọdún mélòó kan.

Ìyá mi ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Kọ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́.”

Wolé-wolé ní ṣé orúkọ èèyàn nìyẹn. Gbogbo àwọn obìnrin náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n rọra pè é fún òun. Ìyá mi lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyá tó bí mi, ó ń pè mí ní ìyá, lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń wo ẹnu kálàmù títí ọkùnrin náà fi kọ ọ́ tán.